Orí Mímì Lára Ẹṣin Tí À Ń Gùn

Orí mímì ni ìṣesí ẹṣin tí ó ń ju orí rẹ̀ sókè sódò, tàbí tí ó ń mì í sọ́tùn-ún sósì, léraléra àti pẹ̀lú agbára, tí kò sì lè dá a dúró fúnra rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí bí gbogbo ẹṣin ṣe ń mirí lẹ́ẹ̀kan láti lé eṣinṣin, tàbí bí ẹṣin tí ara rẹ̀ yá ṣe ń jurí kí ó tó sáré. Èyí tí a ń sọ yìí sábà máa ń wáyé lójijì, bí ẹni pé oyin ta ẹṣin náà nímú. Ẹṣin yóò já orí sókè, yóò fun imú kíkankíkan, yóò sì máa fi imú ra ẹsẹ̀ iwájú ara rẹ̀ tàbí ra ilẹ̀ bí ó ti ń rìn lọ. Ìrìn àti eré a máa ru ú sókè, ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé orí ìgùn ni a ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí i.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Bí orí ẹṣin bá lọ sókè lójijì, ó lè fọ́ ẹlẹ́ṣin ní imú tàbí kí ó gbá eyín rẹ̀ dànù. Ẹṣin tí orí rẹ̀ kò dúró kò lè wo ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí, ó sì lè kọsẹ̀ kí ó da ẹni tí ó gùn ún sílẹ̀. Nítorí èyí ni a fi máa ń pe irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní alágídí, tí a sì máa ń nà án.

Nínú èdè Yorùbá, kíkó níjàánu ni à ń pe dídá ènìyàn lẹ́kun. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ẹlẹ́ṣin lọ́nà. Bí ẹṣin bá ń mirí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni láti fa ìjánu le sí i, láti wá irin tí ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí láti fi okùn so orí ẹṣin mọ́ àyà rẹ̀. Lójú àwọn oníṣègùn ẹranko, ìrora ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Irin tí ó mú yóò fi ìrora kún ìrora, okùn tí ó di orí mọ́lẹ̀ yóò sì gba ohun kan ṣoṣo tí ẹṣin fi ń sọ pé nǹkan ń dun òun.

Ẹṣin ní Douala àti ní etí òkun

Douala, ìlú èbúté ńlá ti Kamẹrúùnù, wà lẹ́bàá odò Wouri, nítòsí ibi tí odò náà ti ń wọ inú òkun. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan ju mílímítà 3,500 lọ, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ sì ni ó máa ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ náà rọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi, ooru rẹ̀ kì í sì í lọ. Kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Òkè ni ilẹ̀ ẹṣin wà ní Kamẹrúùnù, ní Adamawa àti ní apá àríwá, ní àwọn ìlú bíi Ngaoundéré, Garoua àti Maroua, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ààfin ti máa ń jáde lọ́jọ́ ọdún. Ní àwọn ọdún 1890, àwọn ẹlẹ́ṣin Fúlàní láti Banyo ni wọ́n ran Ọba Njoya ti Bamum lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun àwọn tí wọ́n ń bá a du ìtẹ́ ní Foumban. Àmọ́ agbára ẹṣin kò kọjá inú igbó dé etí òkun. Eṣinṣin tsetse, tí ń gbé kòkòrò àrùn oorun, ń pa ẹṣin nínú igbó.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀yọ́. Ẹṣin ni ó jẹ́ kí ogun Ọ̀yọ́ Ilé ṣẹ́gun Dahomey ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń rà wọ́n, nítorí pé ẹṣin tí a bá mú wọ inú igbó kì í pẹ́ kú. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì sọ̀kalẹ̀ wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ni wọ́n lé wọn padà.

Nítorí náà, àlejò ni ẹṣin tí a bá rí ní Douala, bí ó ti rí ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ó bá ń mirí, nǹkan méjì ni ó lè pàdé lára rẹ̀. Èkíní ni ohun tí ó gbé wá láti òkè: irin tí a ti fi kọ́ ọ, eyín tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí, àpá ọgbẹ́ àtijọ́ nínú ẹnu. Èkejì ni ohun tí ó bá pàdé ní ilẹ̀ olómi: kòkòrò kéékèèké tí ń jẹ etí àti imú, àti àìsàn tí ara rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan, kí ó má rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ẹnu ẹṣin

Ẹnu ni ó yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín eyín iwájú ẹṣin àti àwọn eyín ẹ̀yìn tí ó fi ń lọ oúnjẹ, àlàfo kan wà tí kò ní eyín. Orí àlàfo yìí ni irin ìjánu máa ń dùbúlẹ̀ sí. Awọ tí ó bo egungun níbẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀, ìmọ̀lára rẹ̀ sì pọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó fa ìjánu díẹ̀ ti dé egungun.

Ìjánu àtijọ́ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ pápá, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Adamawa, ní òrùka irin kan tí ń yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká, àti irin kan tí ó yọrí sókè nínú ẹnu. Bí a bá fa okùn rẹ̀, òrùka yóò fún àgbọ̀n, irin tí ó yọrí yóò sì ti àjà ẹnu sókè. A ṣe é kí ẹlẹ́ṣin lè fi ọwọ́ kan dá ẹṣin dúró lórí eré, kí ọwọ́ kejì lè mú ọ̀kọ̀. Títí di òní, lọ́jọ́ ọdún, àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń sáré tete wá síwájú ọba tàbí lámídò, wọn yóò sì dúró gírí láti kí i. Ẹwà ni lójú àwọn èrò. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a ti dá dúró bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lè ní egbò lábẹ́ ahọ́n, ní àjà ẹnu tàbí lórí egungun àgbọ̀n, egbò náà sì lè wà níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ọdún ti parí. Bí a bá ta ẹṣin yìí fún ẹni tí ó fẹ́ máa gùn ún jẹ́jẹ́ létí òkun, irin tuntun tí ó rọ̀ pàápàá yóò máa bọ́ sórí ọgbẹ́ àtijọ́. Ẹni tí ó rà á kò ní mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ó mirí.

Eyín fúnra rẹ̀ a máa dá wàhálà sílẹ̀. Eyín ẹ̀yìn ẹṣin kì í dáwọ́ yíyọ dúró. Ó ń jáde ní nǹkan bíi mílímítà 2 sí 3 lọ́dún, koríko tí ó ń lọ̀ sì ni ó ń jẹ ẹ́ kúrú. Àgbọ̀n òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà etí eyín òkè tí ó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa mú bí abẹ, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ sì ń gé ahọ́n. Bí okùn orí bá tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ eyín yìí, ẹṣin yóò jurí. Eyín kékeré mìíràn tún wà tí ó máa ń hù níwájú eyín ẹ̀yìn lẹ́nu àwọn ẹṣin kan. Kò wúlò fún ohunkóhun, ṣùgbọ́n irin ìjánu lè máa lù ú. Oníṣègùn ẹranko lè ha eyín tí ó mú, ó sì lè yọ èyí tí kò wúlò.

Ọwọ́ ẹlẹ́ṣin náà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ni ẹṣin kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lè jókòó láìdi okùn ìjánu mú yóò máa fa ẹnu ẹṣin ní gbogbo ìṣísẹ̀. Gàárì tí kò bá ẹ̀yìn mu a máa dun ẹṣin títí dé ọrùn. Bákan náà ni ohun ọ̀ṣọ́. Ní Ojúde Ọba, tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, a máa ń fi aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti wajawaja ṣe orí ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, ohun tí ó sì rọ̀ sí iwájú orí lè máa lu ojú, tàbí kí okùn rẹ̀ máa bó ìdí etí. Ẹṣin tí ó mirí lọ́jọ́ ọdún nìkan, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí a bọ́ ọ̀ṣọ́ lórí rẹ̀, ti sọ ohun tí ó ń ṣe é.

Etí, ojú àti imú

Eégbọn a máa wọ inú etí ẹṣin, a sì lè má rí i àfi tí a bá fi iná tàn án. Ní ilẹ̀ olómi, kòkòrò kéékèèké tí ń fò ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òwúrọ̀ kùtù a máa jẹ inú etí, ìdí gogo àti imú. Díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ó ń gbé àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ibà àti wíwú ihò òkè ojú wà lára àmì rẹ̀. Àrùn yìí lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹṣin tí ó ń mirí tí òkè ojú rẹ̀ sì wú kì í ṣe ẹṣin tí a ń fi dúró de ọ̀la. Ojú tí ó fọ́ tàbí tí ó pọ́n, ihò inú imú tí ó gba àrùn, àti àpò afẹ́fẹ́ tí ẹṣin ní lẹ́yìn ọ̀fun, gbogbo wọn lè fa orí mímì. Bí ìkun bá ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, ó jẹ́ àmì pàtàkì.

Iṣan ojú tí ó ń jí láìnídìí

Bí a bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí a kò rí nǹkan kan ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń rí nígbà púpọ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1987 lórí ẹṣin 100 tí wọ́n ń mirí, 11 péré ni a rí àìsàn kan pàtó lára wọn. Ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, ìjánu àti ìtọ́jú eyín wọn kò rí bíi ti ẹṣin ilẹ̀ pápá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Douala tìtorí iye yìí fo àyẹ̀wò ẹnu dá.

Ohun tí a mọ̀ nísinsìnyí nípa àwọn tí ó kù ni pé iṣan ìmọ̀lára ojú ni ó ń dà wọ́n láàmú. Iṣan yìí, tí a ń pè ní trigeminal, ni ìkarùn-ún nínú àwọn iṣan tí ó ti inú ọpọlọ wá sí orí. Òun ni ó ń gbé ìmọ̀lára ojú, imú àti eyín lọ sí ọpọlọ. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis fi iná mànàmáná díẹ̀ wọn iṣan yìí. Ti ẹṣin tí ara rẹ̀ dá kò dáhùn títí iná fi tó mílíámpù 10. Ti àwọn tí ń mirí ti dáhùn kí ó tó kọjá 5. Èyí ni pé ohun tí kò ju afẹ́fẹ́ lásán, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí eruku lọ lè di iná àti abẹ́rẹ́ lójú ẹṣin náà. Nígbà tí a sì fi ẹ̀rọ awò wo iṣan àwọn tí ó ti kú, a kò rí ibi tí ó bàjẹ́. Ìyẹn fún àwọn oníṣègùn ní ìrètí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣan náà lè yí padà.

Nínú ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2001 lórí ẹṣin 109, 78 jẹ́ akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá; ọjọ́ orí tí ó bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 9 ní ìpíndọ́gba. Nǹkan bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni ó ń ṣe ní àkókò kan lọ́dún, pàápàá nígbà tí ojúmọ́ ń gùn sí i lẹ́yìn òtútù. A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí a bá ń mú èyí wá sí Douala. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojúmọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ní ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni ó ń ya ọdún sọ́tọ̀. Bákan náà, akọ tí a kò tẹ̀ ni a sábà ń gùn ní ilẹ̀ pápá. Ẹni tí ó bá ń dúró de kí ẹṣin rẹ̀ bá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè mu kí ó tó gbà pé iṣan ni, yóò dúró pẹ́.

Bí a ṣe ń mọ ìdí rẹ̀

Àyẹ̀wò tí ó dára jù kò ná ni lówó. A ó bọ́ ìjánu kúrò, a ó fi okùn gígùn mú ẹṣin, a ó sì jẹ́ kí ó sáré yí ká láìsí ẹni lórí rẹ̀. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹnu, gàárì tàbí ẹlẹ́ṣin ni kí a fura sí. Bí ó bá ń mirí síbẹ̀, a ó mú un bọ́ sí abẹ́ òjìji, a ó sì tún wò ó lálẹ́. Ẹṣin tí oòrùn ń dà láàmú a máa balẹ̀ nínú òkùnkùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn kan ṣe máa ń sín nígbà tí wọ́n bá jáde sínú oòrùn. Lẹ́yìn èyí, a ó dán an wò níbi tí kòkòrò kò sí, tàbí pẹ̀lú aṣọ tí ó bo etí. Oníṣègùn nìkan ni ó lè ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ pa iṣan ojú lára fún ìgbà díẹ̀. Bí orí mímì bá dín kù gidigidi, iṣan náà ni.

Ìtọ́jú

Ohun tí a rí ní ẹnu tàbí etí ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, a ó sì jẹ́ kí egbò jinná pátápátá kí irin tó padà sẹ́nu. Àwọn ẹṣin kan wà tí a lè máa gùn láìsí irin rárá, pẹ̀lú okùn tí ó gba orí imú.

Fún ti iṣan, àwọ̀n imú ni ó rọrùn jù. Ó jẹ́ àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a so mọ́ okùn orí kí ó bo ihò imú. Nínú ìwádìí kan ní 2003, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n lò ó ni wọ́n rí ìyàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó ṣíwọ́ pátápátá. Àmọ́ ẹṣin kì í fi ẹnu mí. Imú nìkan ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nínú òjò Douala, àwọ̀n tí ó bá rin yóò lẹ̀ mọ́ ihò imú ní ìgbà tí ooru ti mú kí ẹṣin nílò afẹ́fẹ́ jù. Nítorí náà, kí ó jẹ́ èyí tí ó tètè ń gbẹ, kí a sì bọ́ ọ tí òjò bá dé.

Oògùn bíi carbamazepine àti cyproheptadine ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú ẹṣin tòògbé, ẹṣin tí ó ń tòògbé kò sì ṣeé gùn. Oògùn ìrora tí a ń lò fún ẹsẹ̀ wíwú kì í sábà ṣe nǹkan kan fún un. Láti Yunifásítì Bristol ni ọ̀nà kan ti jáde, nínú èyí tí a ń ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sábẹ́ awọ ojú, tí a sì ń fi iná díẹ̀ pa iṣan náà rọ́rọ́. Nǹkan bí ìdajì ẹṣin tí a lò ó fún ni ó padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà kan. Ó gba ẹ̀rọ àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Gígé iṣan náà, tí a ń ṣe látijọ́, kò yẹ kí a tún ṣe mọ́: kì í sábà ṣiṣẹ́, ó sì lè dá ìrora tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kí a má sì da epo, agbo tàbí omi oògùn sínú imú tàbí etí ẹṣin láìjẹ́ pé oníṣègùn sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹṣin kan wà tí gbogbo èyí kò ràn lọ́wọ́. Bí ẹṣin bá ń mirí nígbà tí ó dúró nínú ibùso, tí kò lè jẹun, tí ó ń fi ojú ha ògiri títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ọ̀rọ̀ ìgùn ti kúrò nílẹ̀. Ohun tí ó kù láti bá oníṣègùn sọ ni bóyá ó tọ́ kí ẹranko náà máa wà láàyè nínú ìrora bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ń mirí lórí ìgùn nìkan, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ ní pápá, kò sí ní ipò yìí. A lè dá a padà sí pápá, kí a sì sọ òótọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ni yóò jẹ́ kí ọmọdé gùn ún.

Ní Kamẹrúùnù, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ti Yunifásítì Ngaoundéré àti ilé àyẹ̀wò LANAVET ní Garoua wà ní apá òkè, wọ́n jìnnà sí Douala. Oníṣègùn tí a bá pè láti ọ̀nà jíjìn lè má bá ẹṣin náà níbi tí ó ti ń mirí. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ni ẹṣin fi níye lórí: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀, bóyá oòrùn ràn tàbí òjò ń rọ̀, irin tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí ó gùn ún, àti fọ́nrán fídíò méjì tí a fi fóònù ká, ọ̀kan pẹ̀lú ìjánu, ọ̀kan láìsí i.